Gbígbé Alùpùpù Ẹni Re Ìlú Òkèèrè

Ìrìn àjò kì í ṣe ohun titun fún àwa ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun àti àwọn aládùúgbò wa ní Ìlobùú, Ifọ́n àti Èjìgbò. Láti ìgbà tí ilẹ̀ Gáńà ṣì ń jẹ́ Gold Coast ni àwọn ènìyàn ẹkùn Ọ̀ṣun ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n sì ru ọjà wọn lórí. Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn ọmọ wọn wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ará Èjìgbò pọ̀ ní Àbíjáǹ, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń ti Èjìgbò lọ tààrà sí ibẹ̀. Ní òde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ti ní alùpùpù tirẹ̀ kí ó tó ronú àtilọ. Nítorí náà ni ìbéèrè kan fi yọjú, èyí tí àwọn baba wa kò ní ìdí láti bèèrè: bí ènìyàn bá ń kó lọ sí ìlú òkèèrè, ṣé kí ó gbé alùpùpù rẹ̀ dání ni, tàbí kí ó tà á, kí ó sì mú owó rẹ̀ lọ?

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, tí í ṣe káfíńtà, mú ìbéèrè yìí tọ̀ mí wá. Àbíjáǹ ni ó ń lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Alùpùpù mi mọ̀ mí, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fẹ́ bàjẹ́, ohùn rẹ̀ ni mo ti ń kọ́kọ́ gbọ́. Bí mo bá tà á, owó rẹ̀ yóò wọ inú oúnjẹ kí n tó rí òmíràn rà.”

N kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ìlú onílù bàtá ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ Àyàn ìlú yìí ti lu bàtá dé Jámánì àti Amẹ́ríkà. Bí onílù kò bá fẹ́ fi ìlù tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ sílẹ̀, kí ni ó burú bí káfíńtà kò bá fẹ́ fi ohun tí ń gbé ayùn àti òòlù rẹ̀ kiri sílẹ̀? Ṣùgbọ́n bàtá kò ní nọ́ńbà, kò sì sí ẹni tí ń bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń lù ú. Ibi tí ìlù àti alùpùpù ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà náà. Láti Èkó dé Àbíjáǹ tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Kì í ṣe gígùn rẹ̀ ni ó le, bí kò ṣe ibodè mẹ́rin tí ó wà lórí rẹ̀: Sẹ̀mẹ̀ láàrin Nàìjíríà àti Benin, Hilla-Condji láàrin Benin àti Tógò, Aflao láàrin Tógò àti Gáńà, àti Elubo láàrin Gáńà àti Côte d'Ivoire. Ní Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire, Faransé ni èdè ìjọba, owó sẹ́fà ni wọ́n sì ń ná. Ní Gáńà, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba, sídì sì ni owó wọn. Ní ibodè kọ̀ọ̀kan, ìwé ni yóò sọ̀rọ̀ kí ẹni tí ó ni ín tó la ẹnu.

Mo bi àbúrò mi pé, “Ìwé wo ni o ní lọ́wọ́?” Ó fa ìwé kan yọ láti inú àpò. Orúkọ ẹlòmíràn ni mo bá níbẹ̀. Ó ra alùpùpù náà ní àlòkù, ó sì ti gùn ún fún ọdún mẹ́ta láìyí orúkọ padà. Ní Ẹ̀rìn, gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé òun ni ó ni ín. Ní Sẹ̀mẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí rẹ̀? Lójú aṣọ́bodè tí kò mọ̀ ọ́n rí, kò sí ohun tí yóò fi ìyàtọ̀ sáàrin òun àti olè.

Ní ọdún 1975 ni a dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe ní ọdún 1979 fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn ní àyè láti wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà, kí wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 90. Àdéhùn kan náà fún ọkọ̀ tí a kò fi ṣe iṣẹ́ owó ní àyè ọjọ́ 90, bí ìwé mẹ́rin bá pé: ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé tí ó fi ẹni tí ó ni ọkọ̀ hàn, ìwé adójútòfò tí gbogbo wọn gbà, àti ìwé aṣọ́bodè. Fún ti adójútòfò, àdéhùn ọdún 1982 ni ó bí káàdì aláwọ̀ búráùn tí ó ń ṣiṣẹ́ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àlejò ni àdéhùn ọjọ́ 90 yẹn ń bá wí. Ẹni tí ó kó lọ kì í ṣe àlejò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó ní láti yanjú ọ̀rọ̀ owó ibodè pẹ̀lú ìjọba ibẹ̀, kí ó sì gba nọ́ńbà ilẹ̀ náà. Bí ènìyàn ti ń wá ìwé ìgbélùú fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò wá a fún alùpùpù rẹ̀.

Bákan náà ni ó rí ní òkè òkun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè yọ̀ǹda owó ibodè fún ẹni tí ń kó bọ̀ wá gbé ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ́ pé ẹni náà ti gbé ilẹ̀ mìíràn fún oṣù 12 ó kéré tán, pé alùpùpù náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ti ń lò ó fún oṣù 6, kò sì gbọdọ̀ tà á, kí ó yá ẹlòmíràn, tàbí kí ó fi háyà láàrin oṣù 12 àkọ́kọ́. Ohun kan ni wọ́n ń fẹ́ mọ̀: ṣé ohun èlò rẹ ni, tàbí ọjà?

Ní ti alùpùpù fúnra rẹ̀, ó ní oore kan tí mọ́tò kò ní. Ọwọ́ òsì ni a ń gbà wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Gáńà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974. Mọ́tò tí a ṣe fún ọwọ́ kan a máa ni awakọ̀ lára ní ọwọ́ kejì, nítorí ibi tí ó jókòó sí. Àárín ni ẹni tí ń gun alùpùpù jókòó sí. Ọwọ́ yòówù kí ìlú náà máa gbà, kò ṣe é ní nǹkan. Ohun tí ó yẹ kí ó bèèrè ni bóyá irú alùpùpù rẹ̀ wà níbi tí ó ń lọ, nítorí níbi tí kò bá sí, kò ní rí ẹ̀yà rẹ̀ rà bí èyíkéyìí bá bàjẹ́. Bí ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfuurufú ni yóò gbé e, kí ó mọ̀ pé wọn yóò ní kí ó fa epo inú rẹ̀, kí ó sì tú okùn bátìrì rẹ̀, nítorí ewu iná.

Ní ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó. Ó gbéra ní oṣù kẹrin, ó sì gúnlẹ̀ ní òpin oṣù karùn-ún, lẹ́yìn ọjọ́ 41. Ó gba aginjù Sàhárà kọjá, ó sì ṣe é láti fi kó owó jọ fún ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àwọn ènìyàn yin ìgboyà rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi a máa ronú kan gbogbo ibodè tí ó ti ní láti dúró, kí ó fa ìwé yọ, kí ó tó lè tẹ̀ síwájú.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ni ọ̀rọ̀ ìwé, kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà wa tí ó ti Gáńà bọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní ilẹ̀ náà. Àwọn Yorùbá tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì fi ohun tí kò ṣeé gbé sílẹ̀. Kí a má ṣe dá Gáńà nìkan lẹ́bi o. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pẹ̀lú lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn ará Gáńà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ “Ghana Must Go” ní ọjà wa títí di òní.  Ní ìgbà méjèèjì, ìwé ni wọ́n béèrè.

Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò mi, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ti dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ kan sì ń dúró dè é ní Àbíjáǹ. Ó ní mo fẹ́ dá òun dúró ni. Síbẹ̀ ó wá ẹni tí ó tà á fún un kàn ní Ìlobùú, wọ́n jọ lọ yí orúkọ padà ní Òṣogbo, ó sì wá àwọn ìwé yòókù. Ó gbà á tó oṣù méjì, iṣẹ́ tí ń dúró dè é sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó gbé alùpùpù rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà Côte d'Ivoire ni ó wà lára rẹ̀ nísinsìnyí, orúkọ rẹ̀ sì ni ó wà nínú ìwé. Ó máa ń sọ pé bí òun bá ti tètè dé ni, ipò òun ì bá ti ga ju èyí lọ. Ó lè jẹ́ òtítọ́. N kì í bá a jiyàn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ó bá kan yín lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tí ó wà nínú ìwé. Ẹ bèèrè owó ibodè ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ fi í kún owó ọ̀nà, kí ẹ sì fi àpapọ̀ rẹ̀ wé iye tí ẹ lè ta alùpùpù náà. Bí èyí tí ẹ ó ná bá pọ̀ ju ohun tí ẹ ó rí lọ, ẹ tà á láìkáàánú. Ọgbọ́n ọwọ́ yín kò ní san owó ibodè. Bí kò bá sì pọ̀ jù, ẹ gbé e lọ, ṣùgbọ́n kí ìwé rẹ̀ ṣáájú yín dé ibodè. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.