Bàbà Inú Ìbọn

Ọmọ ọdẹ ni àwa tí a ń kọ ìwé yìí. Ní agbo-ilé tí a bí wa sí ní Òkè-Ògùn, a ti mọ bí a ti í fọ ìbọn kí á tó mọ bí a ti í kàwé. Bí baba wa bá ti igbó ọdẹ dé, ìbáà ṣe pé ó pa ẹran, ìbáà ṣe pé ọwọ́ òfo ni ó bọ̀, kò ní fi òkèlè kan ẹnu títí omi yóò fi hó lórí iná. Ìbọn ṣakabùlà ni ìbọn rẹ̀. Yóò na ẹnu rẹ̀ sókè, yóò da omi gbígbóná sí i, omi dúdú bí omi èédú yóò sì máa ṣàn jáde láti ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé ní ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí yóò so àkísà mọ́ ọ̀pá irin, yóò máa tì í bọ ẹnu ìbọn, yóò máa fà á yọ, títí àkísà náà yóò fi jáde ní mímọ́. Nígbà náà ni yóò tó fi òróró pa á. Bí a bá bèèrè ohun tí ó ń lé e tó bẹ́ẹ̀, èsì kan náà ni ó máa ń fún wa: "Ìbọn tí ó bá sùn pẹ̀lú ìdọ̀tí, pẹ̀lú ìpẹtà ni yóò jí."

Òótọ́ ni baba wa sọ. Ẹ̀tù dúdú tí ó ń lò, èédú àti imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí ń ran iná lọ́wọ́ ni a pò pọ̀ ṣe é. Bí ó bá jó tán, eérú rẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ọ̀rinrin náà a sì máa jẹ irin. Omi gbígbóná a máa yọ́ eérú yìí, a sì gbé e lọ. Ìbọn náà sì dí ní ìdí, nítorí náà kò sí ibòmíràn tí ọ̀pá lè gbà wọ inú rẹ̀ bí kò ṣe ẹnu. Ohun gbogbo tí baba wa ń ṣe ni ó ní ìdí. Àṣìṣe tí a fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa kì í ṣe tirẹ̀, tiwa ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni a kọ́kọ́ ṣe ní ilé, kí á tó ré òkun kọjá lọ máa gbé ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, níbi tí òkè àti igbó ti pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń jáde lọ dọdẹ àgbọ̀nrín bí ọdún bá ń lọ sí òpin. Ẹ̀jẹ̀ baba wa jí nínú wa. A gba ìwé àṣẹ, a sì ra ráífù àlòkù kan, irú èyí tí ń lo kátíríìjì .30-06 tí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1906. Ní pápá tí a ti ń dánra wò, bí a bá yin ọta mẹ́ta sí pátákó ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, kọ́bọ̀ bàbà àtijọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú wa dùn, a sì ń fọ ìbọn náà bí a ti kọ́ wa: omi gbígbóná, ọṣẹ, àkísà, òróró, ní ọjọ́ náà gan-an tí a bá yìn ín.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni ihò mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí ara wọn, bí ọmọ ìyá tí ìjà ogún dé sáàrin wọn. A dá ojú wa lẹ́bi, nítorí pé a kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́. A dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi. A dá ẹni tí ó ta kátíríìjì fún wa lẹ́bi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kọkànlá, a rí àgbọ̀nrín kan tí ó dúró lẹ́bàá odò, kò ju ọgọ́jọ yáàdì lọ sí wa. A wo ibi ọkàn rẹ̀ sunwọ̀n, a sì yìn ín. Kò ṣubú. Ikùn ni ọta ti bà á. Títí oòrùn fi ń wọ̀ ni a fi tọ ipa ẹ̀jẹ̀ lórí yìnyín, kí á tó rí i níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí, tí ó ṣì ń mí. A parí ìyà rẹ̀. Baba wa a máa sọ pé ọdẹ tí ń jẹ́ kí ẹran jìyà kò yàtọ̀ sí ìkà. A kò lè jẹ nínú ẹran náà ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a délé, ìbínú ni a fi dojú kọ ìbọn. A ra ọ̀pá irin, a fi búrọ́ọ̀ṣì sí orí rẹ̀, a sì ń ti ẹnu ìbọn gún un wọlé tagbáratagbára, bí a ti rí i tí baba wa ń ṣe. Àkísà jáde ní funfun. A wo inú ihò ìbọn, ó ń dán. A gbà pé ó mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún gbé e lọ sí pápá, ọta mẹ́ta náà fọ́nká ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Àgbàlagbà kan wà ní pápá náà, ẹni tí ó ti ń yin ìbọn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó rí ojú wa, ó sì bèèrè ohun tí ó dé. Ó gba ìbọn náà, ó kọ́kọ́ wò ó dájú pé kò sí kátíríìjì nínú rẹ̀, ó yọ irin tí ń tì í ní ìdí, ó kọ ìdí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó ní kí á wo inú rẹ̀ láti ẹnu. Ó bi wá pé àwọ̀ wo ni a rí. A wí pé ó ń dán. Ó ní àwọ̀ ni òun bèèrè, kì í ṣe dídán. A tún wò ó. Nígbà náà ni a rí i pé dídán náà kò funfun bí ti irin. Ó pọ́n bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí a fi bàbà ṣe. Bàbà ni. A ti ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ẹwà ìbọn ni a sì ń pè é.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Òjé ni inú ọta wa, ṣùgbọ́n a fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, bàbà pẹ̀lú síńkì díẹ̀, nítorí òjé lásán rọ̀ jù fún irú eré tí ó ń sá. Inú ihò ráífù kò sì tẹ́jú bí ti ṣakabùlà. A fín ilà sínú rẹ̀ tí ó lọ́ bí okùn, kí ọta lè máa pòyì jáde, kí ó má baà ta òkìtì nínú afẹ́fẹ́. Nínú irú ìbọn tiwa, ilà náà a máa yí po lẹ́ẹ̀kan ní ínǹṣì 10, ọta a sì máa sá eré tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú pẹ́ńsù kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹ óò rí i pé ọta náà ń pòyì ní ìgbà 3,360 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun tí ó rọ̀ bá fi irú agbára bẹ́ẹ̀ gba inú ohun tí ó le kọjá, kò lè ṣe kí ó má fi díẹ̀ nínú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọta tí ó tẹ̀lé e a tún fi tirẹ̀ lé e, bàbà a sì di ìpele lórí ìpele. Omi kò lè yọ́ ọ. Ọṣẹ kò lè yọ́ ọ.

Ìyọnu yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bàbà àti níkẹ́lì ni àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà fi ń bo ọta wọn, kókó rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Ní ọdún 1921, wọ́n fi tíìnì bo ọta tí wọ́n lò fún ìdíje orílẹ̀-èdè wọn. Ìdọ̀tí dínkù, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá tún fi gíríìsì kùn ún, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Àdàlù bàbà àti síńkì ni wọ́n wá yàn. Ó dín ìyọnu náà kù. Kò pa á rẹ́.

Àgbàlagbà náà fún wa ní ìgò kékeré kan tí òórùn rẹ̀ ń ta ní imú. Amóníà wà nínú rẹ̀. Amóníà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ a máa jẹ bàbà, a sì sọ ọ́ di omi aláwọ̀ aró. Ó kìlọ̀ pé kí á ṣí fèrèsé, kí á wọ ìbọ̀wọ́, kí á má ṣe jẹ́ kí ó kan omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, nítorí èéfín olóró ni yóò ti ibẹ̀ jáde, kí á má sì fi í sílẹ̀ nínú ìbọn di ọjọ́ kejì. Ó gba ọ̀pá irin wa, ó fi èyí tí a fi ike bò rọ́pò rẹ̀, ó ní ìdí ìbọn ni kí á máa gbà wọlé, nítorí etí ẹnu ìbọn ni ó ń fi ọwọ́ kan ọta kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọta yóò ṣìnà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a kọ́kọ́ fọ èérí ẹ̀tù kúrò, a nu inú ìbọn gbẹ, a sì fi oògùn náà sí i. A dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ara ìgò ti wí, a sì ti àkísà funfun kọjá. Ó jáde bí ẹni pé inú ìkòkò aláró ni a ti fà á yọ. Ìbọn tí a pè ní mímọ́! Alẹ́ mẹ́ta ni a fi ṣe é, tí aró náà ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Ní alẹ́ kẹrin kò ṣá mọ́, títí a fi kíyè sí i pé idẹ ni orí ọ̀pá tí a so àkísà mọ́. Bàbà wà nínú idẹ. Orí ọ̀pá ni oògùn náà ń jẹ. Irinṣẹ́ wa ni à ń fọ̀, a rò pé ìbọn ni. A fi orí oníke rọ́pò rẹ̀, àkísà kejì sì jáde ní funfun. A nù ún gbẹ, a sì fi òróró pa á.

Ní pápá, a nu òróró kúrò, a sì yìn ín. Ọta méjì àkọ́kọ́ lọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìbọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ dé ojú irin dà bí àlejò, ara rẹ̀ kì í tètè balẹ̀. Nítorí náà a kì í bọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, àfi bí pátákó bá sọ fún wa pé ó tó àkókò. Mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e wá pàdé. Wọn kò pàdé bí ti ìṣáájú, nítorí ọ̀pá irin wa ti jẹ etí ẹnu ìbọn náà. Èyí tí bàbà bàjẹ́, oògùn tún un ṣe. Èyí tí ìbínú wa bàjẹ́ wà níbẹ̀ títí di òní.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ní alẹ́ kẹrin yẹn, nígbà tí àkísà jáde ní funfun, ọmọ kan tí a kọ́ nígbà kan rí ni ó wá sí ọkàn wa. Kì í kọ ohun tí ó wà lójú pátákó bí ó ti rí, a sì ń nà án, nítorí pé pàṣán ti tún àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ó pẹ́ kí á tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Iwájú ni ó yẹ kí á ti mú un jókòó.

Baba wa ti lọ sinmi. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò wa ní ilé, omi gbígbóná ni ó sì fi ń fọ̀ ọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.