Òrí, omi gbígbóná àti ìyálọ́mọ



Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, màmá mi gbé òrí àti kànrìnkàn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láràárọ̀, wọ́n á jókòó na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi òrí ra á lára, wọ́n á rọra na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó parí, ó ti sùn. Wọ́n á tún fi ra ẹ̀yìn èmi náà, ara á fúyẹ́.

Aládùúgbò wa kan ní ìyẹn ò tó, wankan jego ni kí n ṣe: omi híhó pẹ̀lú ewé fún ogójì ọjọ́, kí n sì máa mu kunu oníkán-ún. Mo ti fẹ́ gbà. Màmá tọwọ́ bọ omi náà, wọ́n yáa fà á yọ: “Èyí kì í ṣe ìwẹ̀, wọ́n fẹ́ bó ọ ni!”

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé ní Zaria tòsí wa níbí, àwọn dókítà ti kọ̀wé láàárín ọdún 1970 sí 1979 nípa àwọn ìyálọ́mọ tí ọkàn wọn ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Omi gbígbóná yẹn àti kán-ún wà lára ohun tí wọ́n fura sí.

Màmá ti lọ báyìí. Èmi ni mo ń na ẹsẹ̀ fún ọmọ-ọmọ. Òrí ò tán nílé mi, ṣùgbọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Bí ẹsẹ̀ ìyálọ́mọ bá wú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló wẹ ọmọ yín?