Àgbọ̀n Ológbò

Ahọ́n ológbò kì í dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó lè lá ẹ̀yìn, ó lè lá itan, ó lè ká ara rẹ̀ kò títí tí yóò fi lá ìdí ìrù, ṣùgbọ́n tó bá di ti ojú, ọwọ́ iwájú ló máa ń lá, tí yóò wá fi nù ún. Etí a rí tirẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà a rí tirẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n ni ọwọ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń sìn ín máa bá a wo ibẹ̀.

Ẹ gbé e sórí itan, kí ẹ fi ìka kan gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Irun ibẹ̀ kúrú, ó sì fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò yà á, awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ a máa mọ́, a sì máa yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ihò tí ọ̀rá ara ń gbà jáde pọ̀ níbẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Ọ̀rá yìí ni ológbò ń fi ra ẹsẹ̀ tábìlì, igun ògiri àti ojúgun ẹni tó ń fún un lóúnjẹ: òórùn rẹ̀ ló ń fi sílẹ̀ níbẹ̀, láti fi sàmì sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Nígbà mìíràn, ọ̀rá náà àti awọ tó ti kú a dì pọ̀ sí ojú ihò irun, wọn a le, orí wọn a sì dúdú. Ológbò kan wà ní ìsọ̀ ìyá oníràísì kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, funfun báláú ni, àfi ìrù rẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kún fún dúdú wínníwínní, bí ìgbà tí aṣáà bá dà sí arúgbó nírùngbọ̀n. Ìyá náà ti fi aṣọ tútù nù ún títí, kò lọ. Ó ní, “Ìdọ̀tí àpò ìrẹsì ni, ọmọ mi.” Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Mo rọra fi èékánná kan ọ̀kan nínú wọn. Kò gbọ̀n dànù. Inú awọ ló ti yọ jáde, orí rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ funfun, ó sì ní ọ̀rá. Irorẹ́ ni.

Ológbò a máa ní irorẹ́ lóòótọ́, tàgbà tèwe wọn. Kò sí ohun kan ṣoṣo tí a lè dì í rù, ṣùgbọ́n abọ́ tó fi ń jẹun ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Abọ́ rọ́bà ni ti Bódìjà yẹn, inú rẹ̀ ti ha yánnayànna, omi orí pánlá sì ti wọ ojú ibi tó ha, níbi tí kànìnkànìn kì í dé. Àgbọ̀n tó bá ń kan irú abọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kòkòrò àìlèfojúrí ló ń kó. Àwo tánganran tàbí abọ́ irin tí a ń fọ̀ lójoojúmọ́ dára jù ú lọ, àwọn ológbò kan sì wà tó jẹ́ pé èyí nìkan ti tó fún wọn. Ẹ má tẹ irorẹ́ náà o. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó lè bẹ́ sínú lábẹ́ awọ. Àgbọ̀n a wá wú, a pọ́n, a di eéwo tó ń sun ọyún àti ẹ̀jẹ̀.

Ètè òkè náà ní tirẹ̀. Egbò kan máa ń yọ síbẹ̀, nítòsí ehín gígùn, etí rẹ̀ ga, àárín rẹ̀ jin, ó ń dán, ó sì pọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní eku ló bù ú jẹ. Kì í ṣe eku. Ara ológbò ló ń bá nǹkan kan jà, ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó sì lè jẹ́ kòkòrò tó ń fò nínú irun rẹ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé egbò náà kì í sábà dùn ún, nítorí náà ó lè jẹ ètè jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ti àmì dúdú pẹrẹsẹ tó ń yọ sí ètè ológbò pupa yàtọ̀. Kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí irun bá re ní róbótó, tí ibẹ̀ ń pa èépá, làpálàpá lè ni, ó sì ń ran ọmọ tó bá ń gbé e mọ́ra.

Ohun tó ń dùn mí jù ni Izal àti Dettol tí a ń sáré bù sí i. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí tiwa ṣe ń ṣe é. Ẹ fi pa á lágbọ̀n, yóò fi ọwọ́ nù ún, yóò lá ọwọ́ náà, ó ti gbé májèlé mì nìyẹn. Panadol burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: hóró kan lè pa á. Aṣọ tó mọ́ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí a gbé lé àgbọ̀n náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò lè pa á lára. Bí ìyẹn ò bá tó, dókítà ẹranko ló kù, irú èyí tó wà nílé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Yóò ha awọ díẹ̀, yóò wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, yóò sì mọ̀ bóyá irorẹ́ ni tàbí làpálàpá.

Èyí tí kò yẹ kó di ọ̀la ni ti ológbò àgbà tó ń da itọ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó ń sún mọ́ oúnjẹ tó tún ń padà, tí párì rẹ̀ ń wú lápá kan. Ẹnu rẹ̀ ni kí wọ́n là wò, títí dé abẹ́ ahọ́n, nítorí jẹjẹrẹ a máa fara pamọ́ síbẹ̀.