Orúkọ Tí Ó Wà Nísàlẹ̀ Lẹ́tà

Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé baba ńlá ìyá mi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wàásù ìyìn rere nílùú wọn. Ohun mẹ́ta péré ni ìdílé mọ̀ nípa rẹ̀: orúkọ òyìnbó tí ó ń jẹ́, Bíbélì rẹ̀ tí ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, àti pé kò bínú rí. Nígbà tí ìjọ náà fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n ní kí n kọ ojú ewé méjì nípa rẹ̀ sínú ìwé ìrántí. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Ọdún mẹ́ta ni ó gbà mí.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown, orúkọ òyìnbó ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń jẹ́. Nígbà tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, wọ́n gbé orúkọ wọ̀nyí bọ̀. Ẹni tí ó bá ń wá Samuel tàbí Thomas nínú ìwé ìgbà náà dà bí ẹni tí ó ń ké pe Àlàbí láàárín ọjà Bódìjà.

Ṣùgbọ́n ìwé wà. Ẹgbẹ́ CMS pa á láṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìwé náà wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí. Apá kan nínú ìwé tí iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ níhìn-ín sì wà ní ilé ìkówèéìtàn-pamọ́sí ìjọba ní Ìbàdàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ká wọn lára, Yorùbá a yọ jáde. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ti pàdé James White, ẹni tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọ̀tà, àti Daniel Olúbí, tí ó bá Hinderer lọ sí Ìbàdàn, tí ó sì dúró ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ọ̀gá rẹ̀ ti padà sílé. Thomas King náà wà níbẹ̀. Òun ni ó ran Crowther lọ́wọ́ nínú ìtumọ̀ Bíbélì. Bí a bá ń yin Bíbélì Yorùbá, ta ni ń dárúkọ King?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn oníwèé ìròyìn. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ni ó mọ̀ pé Henry Townsend ni ó dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìròyìn tó jáde ńkọ́? Ìfọ́lé ọdún 1867 fi òpin sí iṣẹ́ náà, èmi kò sì tíì rí ẹni tí ó kọ orin fún wọn.

Ọdún kejì ni mo rí baba ńlá wa. Lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin ni, tàdáwà rẹ̀ ti pọ́n bí ìpẹtà. Àkókò tí ẹgbẹ́ náà ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ẹrú àti ìwọ̀fà ni ó kọ ọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ní ìwọ̀fà, ó sì ń ṣàlàyé: baba ọmọbìnrin náà ni ó wá bẹ òun fún owó, ọmọ náà ń jẹ, ó ń mu, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, òun kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bú ẹni tí ó fi òun sùn. Ẹni tí kò bínú rí! Ìgbà mẹ́rin ni ó pe ọmọ náà ní “ọmọbìnrin náà.” Kò dárúkọ rẹ̀.

Mo mú ẹ̀dà lẹ́tà náà tọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ, ẹni tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àjọ̀dún. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

“Ọmọ mi, ṣé àjọ̀dún ni a fẹ́ ṣe ni, àbí ẹjọ́?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Ohun tí àwọn fúnra wọn kọ ni.”

“Mo rí i. Fi í síbẹ̀.”

Èmi kò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ìwọ̀fà kì í ṣe ohun àjèjì láyé ìgbà náà, ọkùnrin yìí sì rìn nínú òjò àti oòrùn fún owó oṣù tí kò tó nǹkan. Síbẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ojú ewé méjì tèmi. Nígbà tí ìwé ìrántí jáde, ìlà mẹ́fà ti yọ kúrò níbẹ̀, a sì tún kà á pé kò bínú rí.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sọ nípa obìnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀yìnkùlé, tí ó kú sínú agbo ilé náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun. Mo ti bẹ akọ̀wé ìjọ kí ó jẹ́ kí n wo ìwé ìrìbọmi àtijọ́. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.