Iná tí A Pa tí Kò Kú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná rí. Ẹni tí ó pa ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀, tí ó sì yọ okùn rẹ̀ kúrò lára ògiri, a gbà pé iná ti kú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ mìíràn, iná tí a pa kò tíì kú. Ńṣe ni ó lúgọ, tí ó ń retí ọwọ́ tí yóò kàn án.

Iná tí ń wọ ilé ní Nàìjíríà, tí agbára rẹ̀ tó 230 fólítì, kì í rìn sí apá kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọmọdé tí ó gun jangirọ́fà, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú iná bẹ́ẹ̀ kò bá inú rédíò mu, nítorí iná tí ń rìn sí apá kan, tí kò sì mì, ni rédíò ń fẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi dáyóòdù ṣọ́ ọ̀nà rẹ̀. Dáyóòdù dà bí ìlẹ̀kùn tí a lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí a kò lè gbà jáde. John Ambrose Fleming, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe èyí tí ó jẹ́ onígò ní ọdún 1904; èyí tí ó wọ́pọ̀ lónìí kò ju wóró àgbàdo lọ.

Nígbà tí iná bá ti kọjá lára dáyóòdù mẹ́rin tí a tò pọ̀, ó ti ń rìn sí apá kan, ṣùgbọ́n kò tíì tòrò. Ó ń ru bí ìgbì, ìgbì 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá wọ inú rédíò bẹ́ẹ̀, kíkùn ni rédíò náà yóò máa kùn bí oyin. Kò sí ìyá ológì tí yóò lọ àgbàdo tán tí kò ní í sẹ́ ẹ. Bákan náà ni iná yìí gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kọjá.

Olórí ohun tí ó wà nínú asẹ́ náà ni kàpásítọ̀. Àmù ni a lè fi wé. Nígbà tí ìgbì bá ru sókè, a gba iná sínú. Nígbà tí ìgbì bá lọ sílẹ̀, a tú èyí tí ó fi pamọ́ jáde, kí ẹ̀rọ má baà ṣe aláìní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a tún lè fi wáyà tí a ká yí irin sí, èyí tí kì í gba àyípadà òjijì láàyè, àti àmù kejì tí yóò gbé ìyókù ìgbì náà mì.

Àfiwé yìí kì í ṣe àsọdùn, nítorí ìgò omi gan-an ni àwọn kàpásítọ̀ ìṣáájú. Ní nǹkan bí ọdún 1746, ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Netherlands, Pieter van Musschenbroek àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí kó iná sínú ìgò tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó di ìgò náà mú, tí ó sì fi ọwọ́ kejì kan wáyà rẹ̀, rí ohun tí ẹnu kò lè ròyìn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ohun tí ń pa iná mọ́ lè pa ènìyàn pẹ̀lú.

Ibi tí ewu wà nìyí. Bí a bá pa ẹ̀rọ, tí kò sì sí ohun tí ń bu iná nínú àmù náà mọ́, iná yóò jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nínú àwọn rédíò àtijọ́, ó lè tó 300 fólítì. Nínú ààrò máíkírówéèfù, ó ju 2,000 fólítì lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò mọ̀ lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ìyá rẹ̀ sì máa retí rẹ̀ lásán ní ìrọ̀lẹ́.

Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń so rẹ̀sísítọ̀ kan mọ́ etí méjèèjì kàpásítọ̀. Ihò kékeré ni ó jẹ́ ní ìdí àmù. Bí àmù náà bá jẹ́ 100 máíkírófáráàdì, tí iná inú rẹ̀ jẹ́ 300 fólítì, tí rẹ̀sísítọ̀ sì jẹ́ 100,000 óòmù, ní ìṣẹ́jú àáyá 10, iná náà yóò ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 110 fólítì. Nígbà tí yóò bá fi di ìṣẹ́jú àáyá 50, kò ní í ju nǹkan bí fólítì 2 lọ. Òótọ́ ni pé rẹ̀sísítọ̀ yìí ń jẹ iná díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ ẹ́ lásán: kì í jẹ́ kí agbára iná ga jù nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ bá fúyẹ́. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò kí owó lè ṣẹ́kù sí i lápò, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó fi ń ná ọjà.

Síbẹ̀, ọlọ́gbọ́n kì í gbára lé e tán. Rẹ̀sísítọ̀ lè jóná kí rédíò sì máa kọrin lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Nítorí náà, alátùnṣe tí ó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ fi mítà wọn iná tí ó kù, a sì fi ọwọ́ kejì sẹ́yìn, kí iná má baà gba àyà rẹ̀ kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ó bá rí iná níbẹ̀, kì í fi irin tú u lójijì. Rẹ̀sísítọ̀ tí a wé ìdí rẹ̀ dáadáa ni ó ń lò, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, a tún un wọ̀n, nítorí díẹ̀ nínú iná náà lè tún sun jáde.

Ẹni tí ó fi rẹ̀sísítọ̀ náà sínú ẹ̀rọ kò mọ ẹni tí yóò ṣí i ní ogún ọdún sí i, ẹni náà kò sì ní í mọ orúkọ rẹ̀ láti dúpẹ́. Ó fi í síbẹ̀ bí ó ti yẹ, ó dé ẹ̀yìn àpótí, ó sì lọ.