Tábìlì Tí Mo Kàn Sínú Kọ̀ǹpútà Gbé Owó Àwìn Màámi Mì

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin káfíńtà àti télọ̀ tí ẹ máa ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Tábìlì ni mo kàn ní Ayọ̀bọ̀ níbí, àmọ́ n kò ra pákó, n kò ra ìṣó.

Bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ojú tí ẹ kọ́kọ́ ń rí ni wọ́n ń pè ní desktop, ìyẹn orí tábìlì. Tábìlì akọ̀wé ni wọ́n fi ṣe àwòkọ. Ilé iṣẹ́ Xerox l'Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Star jáde ní 1981, ìwé àti fáìlì wà lójú rẹ̀ bíi ti ọ́fíìsì. Macintosh ti 1984 tiẹ̀ ní garawa ìdalẹ̀nù.

Èmi tí mo ń dá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kódù lálẹ́, ayédèrú irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Háà, mo jìyà! Mo ya àwòrán ìwé, mo tẹ̀ ẹ́, kò mira. Àfi kí n kọ ọ́ pé: bí wọ́n bá tẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣí fèrèsé. Fèrèsé ṣí, kò ṣeé tì. Mo fa ọ̀kan, ó sá sábẹ́ èkejì. Aago tí mo fi sí igun dúró gbagidi títí mo fi sọ fún un pé kó máa wo àsìkò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó dọ́ṣọ̀, mo pe Màámi. Gàrí àti ẹ̀wà ni wọ́n ń tà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ó lè bá mi tọ́jú ìwé àwìn?"

Mo ní, "Ó lè ṣe é dáadáa, Mà."

Irọ́ ni, àmọ́ n kò mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ya ìwé kan, mo kọ ÀWÌN sí i. Àwìn ọjọ́ yẹn, wọn kò tíì kọ ọ́ síbì kankan. Ènìyàn mọ́kànlá ni wọ́n pè, mo ń tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe parí báyìí, iná lọ. Tòkúnbọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi, bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Iná dé. Tábìlì wà, aago ń lọ. Mo ṣí ÀWÌN, ó ṣófo. N kò sọ fún un pé kó tọ́jú ohunkóhun! Àwòrán ìwé ni mo yà, kì í ṣe ìwé.

Màámi ò pariwo. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ka àwọn oníbàárà wọn lórí: èyí tó pọn ọmọ, èyí tí òjò ká mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rántí mẹ́wàá. Ti ẹnì kọkànlá, wọ́n rántí owó rẹ̀, ẹgbẹ̀rún méje náírà, wọn ò rántí ojú rẹ̀. Èmi ni mo san án nígbà tí mo gbowó oṣù.

Mo ti tún kódù náà kọ kó máa tọ́jú gbogbo ohun tí a bá tẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo pa kọ̀ǹpútà tí mo tún tàn án, àwọn orúkọ wà níbẹ̀. Mo sáré lọ sọ fún Màámi. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n ti ra ìwé tuntun, wọ́n sì ti fi okùn so bírò mọ́ ọn.