Ibi Tí Ooru Bíréèkì Ń Gbà Jáde

Bí oníbàárà bá bi mí pé páàdì wo ló dára jù, èmi náà á bi í pé ibo ló ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Inú máa ń bí àwọn kan. Wọ́n rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti Mushin tí mo ti kọ́ṣẹ́ dé Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo rí i pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo àrà tí wọ́n ń dá sí bíréèkì ń lé: ibi tí ooru máa gbà jáde. Eré tí mọ́tò ń sá ló ń di ooru nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Mọ́tò tó dúró láti orí 120 kìlómítà ní wákàtí kan ti da ooru ìlọ́po mẹ́rin èyí tó dúró láti orí 60 sílẹ̀.

Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975 àti Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá ló kún ojú títì. Dúrọ́ọ̀mù ni ìjàpá ní lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. 504 ti ní dísìkì níwájú. A kì í sábà ra odindi ṣúù. Líníǹgì orí rẹ̀ la máa ń pààrọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á fi pọ́ńsì àti òòlù lé rífẹ́ẹ̀tì àtijọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé líníǹgì tuntun lé irin ṣúù, á wá máa kan rífẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ọn láti àárín lọ sí etí, kó má baà wú láàárín. Lẹ́yìn náà ni á fi fáìlì ha etí rẹ̀ méjèèjì kó má baà máa han.

Eruku tó bá kù nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹnu la fi ń fẹ́ ẹ dànù. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà nínú eruku ọ̀hún. Iná kì í jó o, ó sì ń fara da ooru, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ṣe líníǹgì. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fà á símú, ó lè lúgọ sínú ẹ̀dọ̀fóró fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di jẹjẹrẹ. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de é pátápátá ní 1999. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, kò sẹ́ni tó bá wa sọ ọ́.

Àléébù dúrọ́ọ̀mù ni pé inú ló ń fi ooru sí, bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná. Bó bá ti gbóná jù, á fẹ̀, á sá fún ṣúù, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì máa wọlẹ̀. Àwọn awakọ̀ dáńfó mọ̀ ọ́n dáadáa: wọ́n á pọ́ńpù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú. Dísìkì wà ní gbangba, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Bó bá gbóná, ṣe ló ń nípọn, tó ń sún mọ́ páàdì. Frederick Lanchester ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1902, àmọ́ pápá eré ìje ló jẹ́ kí ayé gbà á gbọ́. Ní 1953, Jaguar C-type tó lo dísìkì Dunlop ló gbégbá orókè ní Le Mans, nílẹ̀ Faransé. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ lè sún mọ́ kọ́nà ju àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó tẹ bíréèkì, wákàtí mẹ́rìnlélógún gbáko.

Nígbà tí mo gba fírídọ̀mù, tòkunbọ̀ ti gbòde. Òòlù àti rífẹ́ẹ̀tì ń lọ sílẹ̀, páàdì inú páálí ń wọlé, iṣẹ́ wá di ti ojú. Ní ọjà Ládipọ̀, etí páàdì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Lẹ́tà méjì máa ń wà níbẹ̀: èkínní ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tó bá gbóná gan-an. G mú ju F lọ, F mú ju E lọ. Èyí tí wọ́n kọ FE sí á rọ̀ bó bá gbóná. FF kò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ní ti dísìkì tòkunbọ̀, mo máa ń fi èékánná wá etí rẹ̀. Bó bá kọ́ bèbè, dísìkì ti jẹ nìyẹn, kí a wá wọ̀n ọ́n, kí a fi wé MIN TH tí wọ́n kọ sára irin.

Gárééjì tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Kent kò jìnnà sí pápá Brands Hatch. Àwọn kan ń sanwó wọ ibẹ̀ kí wọ́n lè sá eré tí òfin kò gbà lójú títì. Ọ̀nà kékeré ibẹ̀ kò pé kìlómítà méjì, bíréèkì kì í sì í ráyè tutù: bí ẹ bá ti já kòtò Paddock Hill tán, ẹ ó gòkè lọ bá Druids tó ká kọrọdọ, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé mọ́tò kan wá láti ibẹ̀ tí ẹsẹ̀ bíréèkì rẹ̀ ń kanlẹ̀. Páàdì ṣì nípọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti dán, etí rẹ̀ ń rún. Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì bíréèkì, dúdú ni mo bá. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230 °C, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tó ti fa omi lè hó ní 155. Bó bá ti hó, oru ló wà nínú páìpù. Oru sì ṣeé tẹ̀ pọ̀, ni ẹsẹ̀ fi ń wọlẹ̀.

Páàdì pápá kì í mú dáadáa bí kò bá tíì gbóná. Ẹni tó fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé láàárọ̀ òtútù fi ara rẹ̀ wéwu; á tún máa han gooro, á sì máa jẹ dísìkì. Páàdì ìgboro náà á yọ̀ bó bá dé pápá. Àwọn oníbàárà wa tó gbọ́n ní oríṣi méjèèjì, wọ́n á pààrọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Dísìkì oníhò dùn ún wò, àmọ́ etí ihò ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀ ní pápá. Èyí tó nípọn, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ni mo máa ń yàn. Ní ti kálípà, irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, èyí tó tóbi, tó ní písítínì mẹ́rin, kò ní mú mọ́tò dúró kíákíá ju bí táyà bá ṣe lè di ilẹ̀ mú lọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà léraléra láì rẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ kálípà lásán tí wọ́n sì ní ó ti kú, píìnì tó fi ń sún ló há. Ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì tó ń fara da ooru sí i.

Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ máa ń bi mí lórí fóònù pé ta ló ń lọ pápá ní Nàìjíríà. Mo ní kí wọ́n wo bọ́ọ̀sì tó kún fún èrò, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí awakọ̀ kò lo gíá kékeré, tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Ooru tirẹ̀ kò kéré sí ti Brands Hatch. Owó tí ẹ bá ní, ọ́ìlì tuntun ni kó kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn rẹ̀ iṣẹ́ píìnì, lẹ́yìn rẹ̀ páàdì tó bá ọ̀nà yín mu, kó tó kan dísìkì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí kálípà aláwọ̀ pupa, àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló rà á fún.